Ta Ló Tún Ìrántí Ìyá Aránṣọ Kọ?

Láràárọ̀, kí ìyá aránṣọ tó mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, ó ti máa ń mọ̀ pé ojú fèrèsé ni òun jókòó sí. Oòrùn á rọra yọ́ wọlé, á tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí ẹnìkan fẹ́ gé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní igun yàrá, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Àwọn wọ̀nyẹn kì í sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn yòókù ló ń sá: orúkọ, ọjọ́, ẹni tó ti kú àti ẹni tó ṣì wà láàyè.

Ó ti ránṣọ fún ọdún mẹ́tàlélógójì kí ìgbàgbé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán inú orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní àìsàn ni, pé yóò máa rọra wá, àti pé kí wọ́n má ṣe bá a jiyàn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Àbíkẹ́yìn ló ń bá a gbé. Ilé iṣẹ́ omi ni Àbíkẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ṣọ́ bí omi ṣe ga tó nínú àwọn táǹkì ńlá. Nígbà tó rí i pé ìyá òun ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó dá ọgbọ́n kan. Ó ṣí wíkì kan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ ọ rí, wíkì ni ìkànnì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ máa kọ. Ẹnìkan á kọ ojú ìwé kan, ẹlòmíràn á fi tirẹ̀ kún un, ẹ̀kẹta á tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe. Ó dà bí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ẹbí ń gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Àbíkẹ́yìn kọ ojú ìwé kan nípa oògùn, òmíràn nípa àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀, òmíràn nípa ibi tí nǹkan wà nínú ilé, títí dórí ìwé ilé tó wà nínú àpótí aṣọ lábẹ́ aṣọ ìbùsùn funfun. Èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní “Ohun Tí Mo Rántí.” Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń fi ìka kan tẹ ìyẹn, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń ran etí aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn àti ìyàwó rẹ̀ wà lókè òkun. Kó lè rọrùn fún wọn láti máa bá wọn kọ ọ́, Àbíkẹ́yìn fi ìkànnì náà sílẹ̀ bó ṣe bá a: ẹnikẹ́ni lè rí i, ẹnikẹ́ni lè tún un kọ. Ó ní òun á padà wá tì í tó bá yá. Iṣẹ́ gbà á lọ́kàn, kò padà wá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe ń jí. Á gbé fóònù ńlá tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun sórí itan, á kà á, á sì máa rí ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá wà níbẹ̀, òótọ́ ni lójú tirẹ̀. Ṣé òun kọ́ ló kọ ọ́ ni?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kà á pé, “Aṣọ ìgbéyàwó mi, búlúù ni.”

Ó dúró díẹ̀. Ohun kan tó jẹ́ yẹ́lò wà nínú orí rẹ̀, ó rọ̀, ó ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lára ògiri. Ó tẹjú mọ́ ọn. Bó ṣe ń wò ó, ó ń yí padà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, búlúù ti mu ún tán, bí aró ṣe ń mu òwú. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn dé lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ní yẹ́lò ni ìyá máa ń sọ tẹ́lẹ̀, ìyá ní òun kà á, búlúù ni. Àbíkẹ́yìn rò pé àìsàn náà ló tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ojú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìlà tuntun kan wà lójú ìwé àwọn ènìyàn rẹ̀: “Ọmọ ọ̀rẹ́ mi oníbúrẹ́dì yóò wá kí mi ní Ọjọ́bọ̀. Ènìyàn dáadáa ni. Kí n ṣílẹ̀kùn fún un.”

Inú ìyá dùn. Ó rántí oníbúrẹ́dì, ó rántí ìyẹ̀fun lójú rẹ̀ àti ẹ̀rín rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dára, ó jókòó, ó ń retí.

Obìnrin tó dé lágogo mẹ́wàá ní ohùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó pè é ní Abẹ́rẹ́, orúkọ tí oníbúrẹ́dì nìkan máa ń pè é nígbà èwe wọn. Ṣe ló dà bíi pé ilẹ̀ yàrá náà ń léfòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé àtijọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ ajá tó máa ń sùn lẹ́nu ààrò búrẹ́dì. Ohun gbogbo tí ìyá bá ti bẹ̀rẹ̀, àlejò ń bá a parí rẹ̀. Kò sí ibi tó ti kọsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé Àbíkẹ́yìn ló rán òun láti ibi iṣẹ́, pé kí òun bá a mú ìwé ilé wá, èyí tó wà lábẹ́ aṣọ ìbùsùn funfun. Ìyá dìde. Ó ṣí àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìwé náà nígbà tí àlejò, bóyá láti fi ọ̀rọ̀ dídùn dí àlàfo, tún sọ̀rọ̀.

“Màmá mi ò yéé sọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó yín o, búlúù rírẹwà yẹn. Wọ́n ní àwọn wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń rán an.”

Ọwọ́ ìyá dúró.

Orí rẹ̀ gbà pé búlúù ni, ó ṣáà ti kà á. Àmọ́ ìka rẹ̀ kò kà á. Ìka rẹ̀ rántí ìrọ̀lẹ́ kan lórí àtẹ̀gùn, òun àti oníbúrẹ́dì, tí ìyẹn ń bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú yẹ́lò, tí ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sì ń kùn ún. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní pe aṣọ yẹn ní búlúù láéláé.

Ìyá mọ̀ pé èrò yìí kò ní pẹ́ lọ́wọ́ òun, pé ó ti ń yọ́ lọ. Nítorí náà ó ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó mú téèpù, ó pa àpótí dé, ó sì jókòó lé e.

“Súnmọ́ ibí, kúnlẹ̀, kí n wọ̀n ẹ́,” ló wí. “Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kò gbọdọ̀ kúrò nílé mi láìjẹ́ pé mo ránṣọ fún un.”

Ó wọn èjìká, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wọn àyà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wọn ọwọ́. Nígbà tó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Bóyá ó gbàgbé ni o, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àlejò ń wo ilẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ kò lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́. Ó ní òun á padà wá. Ó jáde, kò dágbére.

Nígbà tí Àbíkẹ́yìn wálé jẹun ọ̀sán, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí, téèpù lọ́rùn, ó ń béèrè ìdí tó fi rán ọmọ oníbúrẹ́dì wá gba ìwé ilé. Àbíkẹ́yìn ní òun kò rán ẹnikẹ́ni. Oníbúrẹ́dì kò bí ọmọ kankan kó tó kú.

Wọ́n lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Láti ibẹ̀, wọ́n gba ilé ìkàwé lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, ẹni tí àwọn ènìyàn sọ ní Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí pé bí ó bá ń bínú gan-an pàápàá, etí rẹ lo máa nà kó o tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀sán dákẹ́ lórí àwọn tábìlì. Ó ṣí wíkì náà, ó tẹ ibi tí ìtàn àtúnṣe wà, ibi tí ìkànnì ń tọ́jú ohun gbogbo tí wọ́n bá yí padà, ọjọ́ tí wọ́n yí i, àti ẹni tó yí i.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló kọ búlúù. Wọ́n pè é lórí fóònù, ó ní fọ́tò àtijọ́ kan lòun rí tí aṣọ náà dà bíi búlúù níbẹ̀, òun rò pé òun ń ran Màmá lọ́wọ́ ni. Ó tọrọ àforíjì. Ìlà ti Ọjọ́bọ̀ ní tirẹ̀ kò ní orúkọ. Àjèjì kan ló kọ ọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tó ti ka gbogbo ojú ìwé tán, tó fi dórí orúkọ Abẹ́rẹ́ àti ajá ẹnu ààrò.

“Ilẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́nu ojú ìwé kọ̀ọ̀kan,” ni Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wí. “Ọ̀kan ń bójú tó ẹni tó lè rí i. Èkejì ń bójú tó ẹni tó lè tún un kọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wọn. Ẹ̀yin fi méjèèjì sílẹ̀ gbayawu.”

Ojú ti Àbíkẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa, kó má ku ẹni tó lè kọ nǹkan kan síbẹ̀ àfi òun nìkan. Ó ní ìyá òun pàápàá kò gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́, nítorí ó ń ṣì í sọ.

Ìyá ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbójú sókè.

“Bí mo bá máa ṣì í rántí,” ló wí, “ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo ṣì í rántí.”

Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wá ní ohun tí Màmá sọ ṣeé ṣe, wíkì náà kò sọ pé gbogbo ojú ìwé gbọ́dọ̀ ní òfin kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ìta: ẹbí nìkan, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, ni yóò máa rí ohunkóhun. Ojú ìwé oògùn, gbogbo wọn lè kà á, àmọ́ Àbíkẹ́yìn nìkan ló lè yí i padà lẹ́yìn tí dókítà bá sọ̀rọ̀. “Ohun Tí Mo Rántí,” ìyá nìkan ló lè kọ ọ́. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó kọ ọ́ sí ojú ìwé ìjíròrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìwé ilé, Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Ó tún fi hàn wọ́n pé pípa á rẹ́ lójú ìwé kò tó, nítorí ó ṣì wà nínú ìtàn àtúnṣe, níbi tí ẹni tó bá wá a á ti rí i. Wọ́n pa ti ibẹ̀ náà rẹ́. Wọ́n sì gbé ìwé ilé gan-an kúrò nínú àpótí.

Ìyá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun ní fóònù. Ó fi ìka kan pa búlúù rẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹ́lò. Àwọn méjèèjì dúró, kò sí ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, káfíńtà tó ń gbé lódìkejì gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta, ó ń fá pákó lẹ́nu ọ̀nà wọn kó lè bá wọn ṣọ́ ilé. Ó ní obìnrin kan dúró lókèèrè, ó wo ilé náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò padà wá mọ́.

Ẹ̀yin ará, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Bí ẹ bá ní wíkì, ti ẹbí ni o, ti ẹgbẹ́ ni o, ti ibi iṣẹ́ ni o, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a. Ẹ wo ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín léèrè: ta ló yẹ kó rí èyí, ta ló sì yẹ kó lè yí i padà? Ìdáhùn méjèèjì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ sọ fún ìkànnì náà kó máa ta yín lólobó nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan padà, kí ẹ sì máa yẹ ìtàn àtúnṣe wò. Ẹ yan ẹni méjì tí ẹ fọkàn tán ṣe alábòójútó, kí ọ̀kan má baà sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ẹni tó bá ti kúrò láàárín yín, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí ẹ kò lè sọ fún àjèjì lójú pópó, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá sì ń tilẹ̀kùn, ẹ rọra, kí ẹ má ti onílé mọ́ ìta. Ẹni tó ni ìtàn, òun ló yẹ kó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.