Ẹ Mí Síta

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dédé, torí pé aṣọ tó bá rán fún ọ, dédé ara rẹ ló máa ṣe.

Iṣẹ́ ẹ̀ dùn, àfi ibì kan. Bí téèpù bá ti kan ìbàdí àwọn oníbàárà báyìí, wọ́n á fa ikùn sínú, wọ́n á séèmí, ojú á ràn. Dédé á dúró, á máa wò wọ́n. Á ní, "Ẹ mí síta, ìyá. Aṣọ lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ ò fẹ́ wọ irọ́." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí wọn ò mọ̀. Dédé fúnra ẹ̀ ti séèmí láti ọdún mẹ́fà.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Nígbà tí káfíńtà jẹ́jẹ́ kan fẹ́ ẹ, ó fi ọdún mẹ́sàn-án dín ọjọ́ orí ẹ̀ kù, bí ẹni gé etí aṣọ dànù. Irọ́ yẹn wá ń bímọ kí òun tó bímọ. Obìnrin tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, ó di dandan kí Dédé máa pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi". Àgbà ń kúnlẹ̀ kí àbúrò lójoojúmọ́, orúnkún ń ké.

Ọmọ ni Dédé ń wá. Òun àtọkọ ẹ̀ lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń ran irú wọn lọ́wọ́. Ẹyin obìnrin mìíràn ni wọ́n máa lò, àwọn méjèèjì sì jọ fọwọ́ sí i. Kó yé yín o: ìyẹn kọ́ lẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń sọ. Ẹni tó ń wá ọmọ lọ́jọ́ alẹ́ kò jalè.

Ṣùgbọ́n ọsibítù yẹn kì í gba ẹni tó ti lé láàádọ́ta, wọn kì í sì í fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeré. Dédé bá yá ìwé ọjọ́ ìbí àbúrò ẹ̀ lò. Wọ́n bi í bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní òun ò mọ àwọ̀ ẹ̀.

Oyún dúró. Káfíńtà ń súfèé lẹ́nu iṣẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Dédé ní tiẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́ ẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Abẹ́ bọ́tìnnì, nínú agolo, ló ń tọ́jú ẹ̀ sí. Kò mọ̀ pé oògùn yẹn ò dára fún ọmọ inú. Ta ni ì bá sọ fún un, nígbà tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀?

Oṣù keje ni ìsinmi kúrò lára ẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ wú, ojú ń ṣú u. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Oníbọ́tìnnì gbọ́ tí máṣíìnì ń dún kíkankíkan. Ó wẹ̀yìn. Dédé ń wà á lọ ràì, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Oníbọ́tìnnì na ọwọ́ sínú agolo láti mú bọ́tìnnì funfun. Oògùn ló fà yọ, àti káàdì ọsibítù àtijọ́ tí wọ́n kọ ọjọ́ orí sí. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó rọra jókòó.

Ó ní, "Ẹ dákun, èmi lẹ̀gbọ́n ni, àbí ẹ̀yin?"

"Ẹ̀yin" yẹn ló já Dédé láyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: bí ọsibítù bá gbọ́, wọ́n á lé òun, bí ọkọ òun bá gbọ́, ó parí. Kó ṣáà fojú fò ó dá.

Dédé kì í ṣe kèfèrí o. Òun ló ń rán aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti wọn gbogbo wọn. Kò tíì jẹ́ kí Ọlọ́run wọn òun rí.

Oníbọ́tìnnì ní, "Ọlọ́run wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín. Ta lẹ wá ń dín ọjọ́ orí kù fún? Jésù ò kú fún obìnrin ọdún mẹ́tàlélógójì tẹ́ ẹ rán jọ. Ẹ̀yin gan-an ló kú fún, tẹ̀yin ti ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

Ó bọ́ téèpù lọ́rùn Dédé, ó fi yí ikùn ńlá yẹn ká. Ó ní, "Ẹ mí síta, ìyá."

Dédé mí síta. Ẹkún ló bá a jáde. Ó ní, "Olúwa, ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo fi ṣẹ̀ Ọ́, mi ò dín ọ̀kan kù. Jésù, gbà mí bí mo ṣe rí."

Oníbọ́tìnnì ṣe àmín, ó sì ní kó mú káàdì yẹn dání, ọsibítù yá.

Dókítà bínú gidi. Ó gba oògùn yẹn, ó dá a dúró sọ́sibítù, ó sì sọ ọ́ gbangba pé òun ò tíì mọ ohun tó ti ṣe fún ọmọ. Káfíńtà dé tòun ti ìyẹ̀fun pákó lórí. Dédé sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò fi abala kankan pamọ́. Ọkùnrin náà yí padà lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé oúnjẹ wá. Ó ní, "Ẹ ti jẹun?"

Ọkọ ń pe aya ní "ẹ"! Ó dun Dédé ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń "ẹ" é.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọkàn ọmọ ò lù dáadáa mọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kíákíá. Obìnrin ni, ó kéré, wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì. Káfíńtà gbé ọwọ́ lé gíláàsì, kò kúrò níbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi sọ pé ọmọ ti ń mí fúnra ẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyàwó ẹ̀.

Ó ní, "O ti jẹun?"

Dédé bú sẹ́kún. Ẹkún "o" yẹn ni.

Torí oògùn yẹn, wọ́n ṣì ń yẹ kídìnrín ọmọ náà wò lóṣooṣù. Ìdáríjì dé, àmọ́ ohun tí irọ́ bàjẹ́ ṣì ń gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n Dédé ń sùn báyìí, ó ń jókòó síbì kan.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ó lè máà jẹ́ ọjọ́ orí lo gé kúrò. Ìwọ lo mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì tìrẹ. O ti fa ikùn sínú tó, ojú ti ràn. Jésù dúró tì ọ́, kì í ṣe láti fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Aṣọ òdodo ló mú dání, ìwọ̀n rẹ gan-an ló sì fi rán an. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ta ló lè séèmí dọ̀la?

Mí síta.