Èpò Inú Ìyàngbò

Màlúù kẹta kú láàárọ̀, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Olówàrà yẹ ara rẹ̀ wò. Kò sí ọgbẹ́, ejò ò bù ú jẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kórè ọkà ni wàrà tí Olówàrà ń tà ti ń rùn bí àlùbọ́sà, táwọn oníbàárà ń dà á nù lójú ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, òwìwí kan bà sórí ilé màlúù, ó ké títí. Eku ló ń wá o, ṣùgbọ́n ta ní í bi òwìwí léèrè nígbà tí àyà bá ti já?

"Àjẹ́ ké lánàá, màlúù kú lónìí!" ni ìyàwó Olówàrà wí. "Kí lẹ tún ń wò? Tiwa ń kú, ẹyọ kan tí Màmá Àgbà ní ń sanra!"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà," ni Olówàrà wí.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé."

Látìgbà tí màlúù èkíní ti kú ni Olówàrà ti ti àwọn yòókù mọ́lé kí ojú àjẹ́ má bàa rí wọn, ìyàngbò ọkà nìkan ló fi ń bọ́ wọn. Ìbẹ̀rù gbáà ni.

Lọ́sàn-án, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù Màmá Àgbà síta láti lé e lọ.

"Kó fọwọ́ kan ọpọ́n ìjẹun àwọn màlúù, kó búra kó tó lọ!" ni ìyàwó pariwo.

Ìyá arúgbó náà bu ìyàngbò lọ́pọ́n. Ó fi ọwọ́ ra á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín. Ó wá nà án sí Olówàrà nímú.

Òórùn wàrà rẹ̀ gan-an ni.

"Èpò kékeré olódòdó funfun tó wà láàárín ọkà yín nìyí," ni Màmá Àgbà wí. "Mo ní kẹ́ ẹ fà á tu kó tó so, ẹ ní àṣejù mi ti pọ̀. Irúgbìn rẹ̀ ló ń ta wọ́n nínú."

"Kí ló dé tí tiyín ò kú?" ohùn ìyàwó ti wálẹ̀.

"Ìwọ lo ní ìyàngbò yín ò kàn mí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni tèmi ti ń jẹ koríko."

Olówàrà wólẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́."

"Àjẹ́ ò bà mí lẹ́rù rí," ó wí, ó ń tú okùn màlúù rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ bà mí lẹ́rù lónìí."

Olówàrà fẹ́ sá tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n màlúù mìíràn ń kérora nínú ilé. Ó kọ́kọ́ lọ kó oúnjẹ kúrò níwájú ẹ̀. Nígbà tó máa fi jáde, ọ̀nà ti dá páropáro.