Ẹní Méjì Létí Òkun

Ọjọ́ tí Támilórè ti erékùṣù dé, orí ìkúnlẹ̀ ló ti kí ìyá rẹ̀. Alice Fàsásì ṣílẹ̀kùn, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí eékún méjèèjì lórí kànkéré tútù níwájú ilé, nínú Thamesmead Moorings ní London níbí, tí aládùúgbò tó ń já ẹrù nínú mọ́tò dúró tó ń wò wọ́n.

"Ẹ kúulé, Mummy," ni ó wí. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ẹni tó bá mọ Támilórè á ti mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sí London, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin "o" àti "ẹ" títí tó fi lé ní ọgbọ̀n ọdún. "Mum, o ti jẹun?" ni tirẹ̀. Bó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún èèyàn gan-an, á gbé ojú kúrò lórí fóònù. Ìgbà tó kúnlẹ̀ kẹ́yìn nínú ilé yẹn, yẹtí rẹ̀ tó bọ́ sábẹ́ àga ló ń wá.

Alice fà á dìde, ó dì mọ́ ọn. Ara ọmọ náà tutù, òórùn òkun sì wà lára rẹ̀, òórùn iyọ̀ àti ti igi tó ti pẹ́ nínú omi.

"Ẹrù ẹ dà?"

"Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, Mummy. N ò nílò rẹ̀ mọ́."

"Fóònù ńkọ́?"

"Òun náà."

Alice rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìsinmi bá lè gba fóònù lọ́wọ́ Támilórè, ìsinmi náà ṣiṣẹ́.

Àárẹ̀ ló lé Támilórè lọ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan láàrin London ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ìjókòó tó ń jẹ èèyàn lórí. Ó ti dé ibi tí oorun kò kun ojú rẹ̀ mọ́, tó kàn ń dá sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin. Ni ó bá rí erékùṣù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí oòrùn kì í wọ́n, tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Asher ti ń gba àwọn tó ti rẹ̀ lálejò. Wọ́n á wẹ̀ nínú òkun, wọ́n á mu omi àgbọn, wọ́n á jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ títí ọkàn wọn á fi balẹ̀. Alice kò fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ ìjọ tó ń gbààwẹ̀ ju bó ti ń jẹun lọ ni, kò sì rí ohun tí ẹ̀mí èèyàn ń wá létí òkun.

"Retreat wà ní church wa," ni ó wí.

"Mum, ẹ̀yin kì í sùn ní retreat. Ẹ máa ń pariwo ni. Mo fẹ́ sùn. I just want to sleep."

Ọjọ́ tó débẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Alice ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ ní ọsibítù, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́bàá Woolwich Common.

"Mum, guess what. Ẹní kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tẹ́ fún gbogbo èèyàn létí òkun. Èmi, méjì. Àgbọn méjì, towel méjì. Mo sọ fún Asher pé mistake ni. He said no, it's for you and your sister."

Alice tẹ fóònù mọ́ etí. "O sọ fún un pé o ní sister ni?"

"I never told anyone. Weird, right? Ó ti yá, they're taking the phones. Love you, bye."

Bọ́ọ̀sì dé, ó gbé àwọn èrò, ó lọ. Alice ò wọ̀ ọ́.

Ìbejì ni Támilórè. Òun ni Táíwò. Kẹ́hìndé rẹ̀ ń jẹ́ Fèyíṣayọ̀, kò sì pé ọdún kan láyé. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti ṣẹlẹ̀. Bí Alice ti lanu láti ké, ìyá ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Wọn kì í sọ pé ìbejì kú, nítorí èyí tó ṣẹ́kù. "Ó rìnrìn-àjò," ni ìyá àgbà sọ sí i létí. "Ohun tí wàá máa sọ nìyẹn. Bí o bá sọ òmíràn, èyí á tẹ̀ lé e." Wọ́n gbé òkú ọmọ náà gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọn ò sọ ibi tí wọ́n gbé e sí fún ìyá rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kó sunkún. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí wọ́n bá rà fún Táíwò, wọ́n á ra irú rẹ̀ fún èkejì.

Nígbà tí Alice dé London tó di àtúnbí, ó jáwọ́ nínú ríra nǹkan ní méjì-méjì. Ó ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kọ́ ọ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí Támilórè kékeré bá béèrè sister rẹ̀, á ní ó rìnrìn-àjò. Bí wọ́n bá béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì iye ọmọ tó bí, á ní méjì, ọ̀kan rìnrìn-àjò. Kódà nínú àdúrà tó ń dá gbà nínú yàrá, kò sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ rí. Ó tilẹ̀ máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣọ́ ọmọ òun tó wà lájò.

Báyìí, Támilórè ti dé, ó sì di ọmọ tí gbogbo ìyá ń tọrọ. Ó ń gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan. Ẹ̀wà, tó máa ń sọ pé ó ń wú òun nínú, ló ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó sè, débi pé Alice ní láti lọ ra ẹ̀wà olóyin míì ní Powis Street. Sister Bernice, aládùúgbò tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wá kí wọn, ó rí bí ọmọ náà ti kúnlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Mummy Támilórè, ẹ ò rí i pé àdúrà gbà! Testimony ni ká ṣe o. Irú island wo nìyẹn? Mo fẹ́ rán tèmi náà lọ."

Alice rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn lóòótọ́. Ìgbà wo ni ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn fi orí lé e léjìká bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ọmọ náà kò béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kò béèrè ọ̀rẹ́ kan. Òtútù rẹ̀ kò lọ, bí wọ́n ti wù kí wọ́n mú ilé gbóná tó. Bó bá sì lọ jókòó sẹ́bàá odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, àwọn pẹ́pẹ́yẹ á rọra wẹ̀ lọ sí òdìkejì, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé ìdáná.

"Mummy, ṣé igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ní Ìjẹ̀bú-Igbó ṣì wà?"

Wọ́n ti gé igi yẹn kí Támilórè tó mọ ìrìn rìn. Alice ò gbójú sókè. "Ta ló sọ igi ọsàn fún ẹ?"

"Abẹ́ rẹ̀ ni mo wà, Mummy. Mo máa ń gbọ́ bí ọsàn ti ń já bọ́."

Alice rọra gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó pe bàbá àwọn ìbejì, tó ti padà sí Ìjẹ̀bú lọ máa sin adìẹ. Ó bi í léèrè, láìkí i, pé níbo ni wọ́n gbé Kẹ́hìndé sí.

"Abẹ́ igi ọsàn," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyá mi ló ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ. Ta ló sọ ọ́?"

Alice pa fóònù.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, oòrùn díẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ náà mú òòyà àti ìpara wá, ó jókòó sílẹ̀ sáàrin ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ní kó bá òun dìrun. Alice bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ọwọ́ tó ti dìrun fún ọmọ kì í ṣi ọ̀nà. Ó dì í, ó dì í, títí apá òsì fi parí. Ó wá tẹ orí ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè la apá ọ̀tún, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí etí.

Etí náà dán. Kò sí ihò yẹtí kankan níbẹ̀. Ihò mẹ́ta ni Támilórè ní sí etí yẹn, èyí tí wọ́n lu fún un ní ọmọ ọwọ́, àti méjì tó lọ lu fúnra rẹ̀ nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí Alice fi bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kẹ́hìndé ni wọn ò lu etí fún. Ara rẹ̀ kò le nígbà náà, ìyá àgbà sì ní kí wọ́n jẹ́ kó gbádùn ná.

Alice fi àtàǹpàkò ra etí náà. Kò bẹ̀rù tó bó ti rò pé òun máa bẹ̀rù.

"Fèyí."

"Mummy."

"Táyé ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń sùn. Ó ní oorun lòun ń wá, mo bá fún un ní ààyè mi."

"Ìgbà wo ló máa jí?"

Ọmọ náà ń fi ìka yí etí aṣọ rẹ̀. "Bí mo bá padà ni. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, kò ní mọ̀nà ilé mọ́." Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì á dé. "Ẹ̀yin lẹ ní mo rìnrìn-àjò, Mummy. Ojoojúmọ́ lẹ ń sọ ọ́, mo sì ń gbọ́. Mo ní ìyá mi ń retí mi. Mo wá ọ̀nà títí."

Alice gbé ọwọ́ méjèèjì lé èjìká tútù náà. Ọmọ rẹ̀ ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kó wò tán ló jókòó sáàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí, tó dàgbà, tó rẹwà, tó ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Bó bá dákẹ́, á rí i lówùúrọ̀ ọ̀la. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Sister Bernice á máa yin Ọlọ́run lọ. Ó sì fẹ́ dákẹ́, Ọlọ́run mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èkejì dùbúlẹ̀ sórí ẹní létí òkun àjèjì, èyí tó ń bú u ní gẹ̀ẹ́sì, tó ń sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin, tó ń pè é ní "o". Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Oorun ló ní òun fẹ́.

Fèyí gbọ́ bí èémí ìyá rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ má sọ ọ́, Mummy," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ parí irun mi ná."

Alice tẹ̀ síwájú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lórí.

"Fèyíṣayọ̀ ọmọ mi kú," ni ó wí. "Ó kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi ni ìyá rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí n sunkún."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, kò sí ẹni tó jókòó sáàrin rẹ̀ mọ́. Òòyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìpara wà ní ìka rẹ̀, káàpẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀ sì tutù fún omi iyọ̀. Ó wá ké igbe tí ìyá àgbà fi ọwọ́ bò ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Sister Bernice gbọ́ ọ láti ilé tirẹ̀, ó sáré wá, kò sì mọ ohun tó ń pa Alice lẹ́kún bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù fi dún, nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè.

"Mum?" Ohùn náà há, ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Asher ní gbogbo èèyàn ti lọ since. Ó ní wọ́n ń jí mi, mi ò jí. I thought it was only the third day. Mum, ṣé ẹkún lò ń sun?"

Alice lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Elizabeth line ní Woolwich. Támilórè jáde tòun ti àpótí rẹ̀, kò kúnlẹ̀, ó ní ebi ń pa òun kú. Ìyá rẹ̀ di etí rẹ̀ méjèèjì mú lójú gbogbo èrò, ó ń fọwọ́ wá ihò wọn.

"Mum! People are looking."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò."

Wọ́n jókòó de bọ́ọ̀sì. Támilórè sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí n tó jí, ẹnì kan wá. Ó jọ mí gan-an. Ó ní kí n dìde lórí ẹní òun, àyè òun ni. She wasn't angry or anything."

Alice ò lè wò ó lójú. "Kí ló tún sọ?"

"Apá kan irun ẹ̀ nìkan ni wọ́n dì. Mo ní kí n bá a tú u, ó kọ̀. Ó ní rárá o, òun máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìwọ, Mum, lo máa parí ẹ̀ tó o bá dé ọ̀dọ̀ òun."