Moráyọ̀ Fẹ́ Kọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì

Òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì kan nílùú Òyìnbó ni Japheth ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọge náà wọ aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó ń fi sùúrù kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlùkìkì ọkàn.

"Má fi àtàǹpàkò kà á o. Àtàǹpàkò náà ń lù, tìẹ fúnra ẹ lo máa kà!"

Ó ya Japheth lẹ́nu. Irú èèyàn wo ló ń kọ́ni nínú bọ́ọ̀sì báyìí? Ìgbà tí wọ́n kọjá bárékè àwọn ṣọ́jà ní Woolwich ló tó mọ̀ pé òun ti kọjá ibi tí òun ń lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà ni yín àbí nọ́ọ̀sì?"

"Student ni mí. Ta ló pè ẹ́ sí class wa?" Ó rẹ́rìn-ín.

Moráyọ̀ lorúkọ rẹ̀, Thamesmead ni wọ́n bí i sí. Japheth jẹ́wọ́ fún un pé nọ́ọ̀sì lòun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n òun ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́ níbí. Bí òun bá tún kùnà, ilé yá nìyẹn. Moráyọ̀ ní òun á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn níwájú àwọn olùdánwò.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Moráyọ̀ to àga ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀, ó dùbúlẹ̀ bí ìyá arúgbó tó ń ṣàìsàn. Japheth tẹjú mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Ṣé ilẹ̀ lò ń tọ́jú ni?"

"Ṣebí àgbà ni? A kì í wo àgbà lójú."

"Níbí, tó ò bá wo aláìsàn lójú, wọ́n á ní ò ń fi nǹkan pa mọ́. Oya, wò mí."

Ó wò ó. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tún rántí ẹ̀kọ́. Ìfẹ́ ti wọlé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Japheth yege. "Moráyọ̀ mi, ṣé o ò lè fi kíkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ṣe ni?" ó bi í.

"Mo lè fi ṣe é. Tíṣà mi ní yunifásítì ní tí mo bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kí n padà wá máa kọ́ wọn. Ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n Mummy ò gbà. Tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, mi ò lè ṣe é."

Nígbà tí Japheth lọ tọrọ rẹ̀ láti fi ṣaya, inú ìyá Moráyọ̀ dùn sí i, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó fẹ́ kó ṣe.

"Bá mi yí i lọ́kàn padà, mo fún ẹ. Tíṣà kẹ̀! Èrè olùkọ́, ọ̀run ló wà."

Moráyọ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ yíjú sí Japheth. Japheth tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Mummy, mi ò ní lè sọ ọ́ fún un. Òun ló kọ́ mi tí mo fi ríṣẹ́. Èmi ni èrè ẹ̀, mi ò sì tíì lọ sọ́run."

Mummy fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín kò jẹ́.

"Ẹlẹ́nu dídùn! Moráyọ̀, lọ kọ́ wọn. Mo ti fọwọ́ sí i."

Omijé bọ́ lójú Moráyọ̀. Ó na ọwọ́ sí Japheth lórí ìdọ̀bálẹ̀ tó wà.

"Dìde, ọkọ mi."