Ọ̀gá Tó Kọ̀ Láti Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Mọ́tò

Ọ̀rẹ́ mi tí ìwé yìí dé ọwọ́ rẹ, má tíì fi pọ́n ẹ̀pà. Jókòó kà á. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí ìjọba fi ṣe alábòójútó àwọn ọmọ tí kò lẹ́nìkan, tó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ìkookò.

Oteng Moatlhodi ni orúkọ rẹ̀. Ní ìlú kan ní Botswana, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì ààbò ọmọdé. Bí ẹnìkan bá ń na ọmọ ní ìnà ìkà, bí ẹnìkan bá ń fi ebi pa ọmọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aráàlú ń gbà lọ. Ìjọba fún un ní mọ́tò funfun, ó fún un ní òǹtẹ̀, ó sì fún un ní àṣẹ láti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń fìyà jẹ ẹ́.

Ìjókòó iwájú ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ yigbì. Bí ọmọ bá ń sunkún níwájú tábìlì rẹ̀, á ní, "Panu ẹ dé jàre. Kòbókò ni bàbá mi fi tọ́ mi, ṣé mo kú ni?" Àwọn òṣìṣẹ́ á sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀gá ló sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Tebatso, ọmọ ọdún méje. Ìyá rẹ̀ kú, kò sì sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀. Moatlhodi kò bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun. Ó buwọ́ lu ìwé, ó fà á lé Modiri lọ́wọ́, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní ibùdó màlúù kan tó jìnnà sí ìlú. Ó ní, "Ìyekan ni wọ́n. Ó tán."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìyá Seabe wọ ọ́fíìsì náà. Opó ni, oko ọkà bàbà rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdó Modiri. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, eruku bò ó dé orúnkún.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ gbà wá. Modiri ti fi wáyà so ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó ọgbà ewúrẹ́. Ó ní ó ń sá lọ. Wàrà kíkan tí ajá bá mu kù ló ń fún un."

"Ṣé ẹ fojú ara yín rí i?"

"Ojú mi méjèèjì yìí ni. Wáyà náà ti wọ inú ẹran ara lọ."

"Àbí ẹ̀yin àti Modiri ń jà lórí ilẹ̀ ni, Ìyá?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa lọ sílé. A máa wá wò ó."

Moatlhodi kò lọ wò ó. Ìyá Seabe padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lé e lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì, ó ń ké orúkọ Moatlhodi títí èrò fi péjọ. Ìtìjú, kì í ṣe àánú, ló mú kí ọkùnrin náà gun mọ́tò lọ síbẹ̀.

Modiri pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọgbà ẹlẹ́gùn-ún. Moatlhodi wo ilẹ̀, kò fẹ́ kí ìgbẹ́ ewúrẹ́ ba bàtà òun jẹ́. Ó yí gíláàsì mọ́tò sílẹ̀, Modiri sì gba ibẹ̀ gbé àwo ẹran yíyan fún un.

"Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà o, ọ̀gá. Ó ń ṣeré lẹ́yìn ọ̀hún."

Bó ti ń jẹ ẹran lọ́wọ́, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dún láti inú ọgbà: "Bàbá! Bàbá o! Ẹ wá tú mi!"

Moatlhodi dá ẹnu dúró. "Kí nìyẹn?"

"Ewúrẹ́ ni, ọ̀gá."

Wọ́n wo ara wọn lójú, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Moatlhodi jẹ ẹran náà tán, ó nu ọwọ́, ó yí mọ́tò padà. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé: "Mo rí ọmọ náà. Ara rẹ̀ le. Ó ń jẹun dáadáa." Ó tẹ òǹtẹ̀ ìjọba lé e lórí.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń fún màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ibùdó náà. Òórùn ló júwe ibi tí Tebatso wà fún wọn. Ìdin ti wọ ojú egbò. Ọmọ náà kò lágbára ẹkún mọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún.

Ọlọ́pàá mú Modiri, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ìjọba lé Moatlhodi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n pè é lẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ fún un pé, "Modiri ní o kò sọ̀ kalẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá lè ní òun rí ọ lójúkojú, ọ̀rọ̀ Modiri á di irọ́ nìyẹn. A bọ́."

Ni ọkùnrin yìí bá ra súìtì àti ọsàn, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rí ló ń wá lẹ́nu ọmọ tó ti sọ di arọ.

Ìyá Seabe ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Obìnrin náà kò kí i.

Moatlhodi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tebatso, ọmọ dáadáa. Ṣé o mọ̀ mí?"

Ọmọ náà wò ó títí. "Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ wà nínú mọ́tò funfun."

Inú Moatlhodi dùn. "O ṣeun! Ṣé wàá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́?"

"Mo pè yín," ni ọmọ náà wí. "Ẹ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ń jẹran. Mo ní bóyá tí ẹ bá jẹun tán, ẹ máa wá. Mo wá dákẹ́, kí n má baà dí yín lọ́wọ́ oúnjẹ."

Súìtì bọ́ lọ́wọ́ Moatlhodi, ó fọ́n ká sílẹ̀. Ó sáré jáde, kò mọ ibi tó ń lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwòsàn náà ló ti ṣubú, ó ń ké. Ìyá Seabe tẹ̀lé e, ó dúró lé e lórí.

"Ẹ sunkún o. Ẹ sun ún dáadáa. Ẹkún yín kò lè hu ẹsẹ̀."

"Ìyá, kí ni kí n ṣe? Ilẹ̀ ì bá lanu gbé mi mì."

"Ìyẹn ì bá rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ṣé adájọ́ ìlú yìí lẹ rò pé ẹ máa bá pàdé gbẹ̀yìn? Jésù tó ń gbé ọmọdé mọ́ra, òun ló ń ké nínú ọgbà yẹn. Òun lẹ̀ ń pè ní ewúrẹ́."

"Ṣé ó lè dárí jì mí?"

"Ká ní tèmi ni, mi ò ní dárí jì yín. Àmọ́ kì í ṣe èmi ni wọ́n kàn mọ́ igi. Òun dárí ji olè tí wọ́n kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ má sì fi àwáwí kankan kún un."

Moatlhodi kúnlẹ̀ nínú eruku, lójú àwọn tó ń kọjá. "Olúwa, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sì ń jẹun lọ. Mi ò ní àwáwí. Ṣàánú mi." Kò mọ àdúrà míì gbà. Níbẹ̀ ni Kírísítì ti gbà á.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó dìde kí agbẹjọ́rò rẹ̀ tó lanu. "Olúwa mi, mo gbọ́ igbe ọmọ náà. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Irọ́ ni mo kọ." Agbẹjọ́rò di orí mú. Moatlhodi kò dúró síbẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́fà mìíràn tó kọ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ nípa wọn. Ìjọba ránṣẹ́ lọ kíákíá. Wọ́n rí márùn-ún gbà láàyè. Ẹnì kẹfà ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ ni wọ́n dá fún un. Nígbà tí Ìyá Seabe lọ wò ó, ìbéèrè kan ni Moatlhodi bi í: "Ṣé Tebatso ti dárí jì mí?"

"Rárá. Ó ní kí wọ́n má dárúkọ yín létí òun."

Ó tẹrí ba. "Ó jàre."

"Ó jàre púpọ̀. Olúwa ti dárí jì yín, ẹ di ìyẹn mú. Ti ọmọ, ọwọ́ ọmọ ló wà."

Ìwọ tó ń kà á, o lè máa wí nínú ara rẹ pé, "Èmi ò so ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ òpó." Moatlhodi náà kò so ó. Ó kàn jókòó ni. Igbe ọmọ wo lò ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri ilé rẹ, tí o wá yí rédíò sókè? Ọmọ ta ni wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́, tó ń sùn pẹ̀lú ebi nígbà tí àwọn ọmọ rẹ yó? Ọlọ́run rí ọ. Má fi ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì tan ara rẹ.

Má sì sọ pé ó di ọ̀la. Moatlhodi ronú pìwà dà, ọkàn rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ kò hù, ọmọ kẹfà kò sì jí. Bí ìwọ bá ń fi Jésù falẹ̀, ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí. Jẹ́wọ́ ohun tí o mọ̀ nípa ara rẹ fún un, kò ní lé ọ padà. Nígbà tí o bá sì ṣe àmín, má jókòó padà. Dìde, kí o lọ kan ilẹ̀kùn ibi tí igbe ọmọ yẹn ti ń wá lónìí.