Ká Má Rí I

Kíránkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì Motún, ni mẹkáníìkì kan fi okùn so kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, ó rọ̀ dirodiro bí ẹran alápatà. Ó mú òòlù kékeré lọ́wọ́, ó di ojú méjèèjì, ó dẹ etí, ó sì ń kan irin náà wò jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán, ó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n Motún kò wá wo ẹwà. Inú ń bí i.

Kí inú má bí i kẹ̀? Ẹ́ńjìnnì tí ń lọ gbágùúdá fún àwọn obìnrin Èsìẹ́ ni ó gbé wá sí Òmù-Àrán, níbi tí òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé, fún àtúnṣe. Ó padà wá wò ó, ó bá a tí wọ́n ti tú u kalẹ̀ sórí tánpólì bí ọjà alátẹ, tí mẹkáníìkì sì ń fi èyí tó kù ṣeré.

"Ṣé ẹ́ńjìnnì ni mo gbé fún yín ni, àbí agogo ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ọkùnrin náà kò la ojú. "Ẹ dákẹ́ ná, àǹtí. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Ẹ gbà mí o! Motún, ọmọ tíṣà Adéoyè, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ni wọ́n ní kó dákẹ́ kí irin lè sọ̀rọ̀! Ó ya ẹnu láti bú u.

Irin náà dún gbọ̀ọ̀ọ̀nnn, ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú. Ìgbà náà ni mẹkáníìkì, Yàhàyá lorúkọ rẹ̀, la ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bó bá ti sán níbi tójú ò rí, kẹ́ ni ì bá dún, á sì dákẹ́. Kíránkì yín yè. Ríǹgì, òrùka irin ara písítìn, ló jẹ tán. Ẹ fi èékánná wọ́ inú sílíńdà yìí wò."

Motún wọ́ ọ. Níbì kan, èékánná rẹ̀ kọ́ ojú irin tó ti jẹ wọnú. "Mo rí i," ó wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Kíá ló tún gbé e sókè: "Ẹ̀yin náà, ẹ yára o jàre!"

Ìlọrin ni ríǹgì yóò ti wá. Títí yóò fi dé, ojoojúmọ́ ni Motún ń yà wá ṣọ́ ẹrù rẹ̀, bó ṣe ń pè é nìyẹn. Nígbà tí ríǹgì àkọ́kọ́ dé, Yàhàyá tì í bọ sílíńdà, ó fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wọn àlàfo ẹnu rẹ̀, ó sì yọ ọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: àlàfo náà ti fẹ̀ jù. Ẹni tó tà á bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó máa lò ó, pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

"Èmi á mọ̀," ni Yàhàyá dá a lóhùn, inú ń bí i gidigidi.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Motún lára. Gbogbo ayé ló ń bá jà lórí iṣẹ́ jákujàku, kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà tí irú rẹ̀ ń bí nínú.

"Ìbínú tó o gbé wá lónìí, ṣé ó tó tàná?" ni Yàhàyá máa ń bi í, ó ti ṣíwọ́ pípè é ní àǹtí.

"Ó ku díẹ̀ kó tó. Mo ti fi ìyókù se iṣu." Motún á sì gbé kúlà oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìfẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Mùsùlùmí ará Òkè-Ọdẹ ni Yàhàyá, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì sì ni Bàbá Motún. Motún mọ ohun tó ń dúró dè: kí ọkùnrin yìí la ẹnu.

Ó la ẹnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀dọ̀ ẹni tó ti là á! Motún wà nílé ìwẹ̀ ní Sátidé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, Bàbá ló gbé e.

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Yàhàyá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Motún pé ríǹgì rẹ̀ ti dé."

"Ríǹgì wo?"

"Èyí tá a jọ ń retí, sà. Ti àkọ́kọ́ ò bá a mu. Èyí wọlé rẹ́gí!"

Bàbá kò dúró wọ bàtà. Motún sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọṣẹ létí. Kó tó bá a lábẹ́ máńgòrò, èrò ti pé, ariwo ti gba ibẹ̀ kan.

"Mo bí ọmọ, mo tọ́ ọ! O ò rán alárinà, o ò gbé iṣu kan wọlé mi, ríǹgì lo kọ́kọ́ lọ rà! Ta ló sọ fún ọ pé mo ń wá àna?"

Yàhàyá na irin róbótó dúdú sókè. "Súbúhànalláhì! Bàbá, ríǹgì písítìn ni! Kí n fẹ́ Motún kẹ̀? Ká má rí i! Wálláhì, kò sí lọ́kàn mi rárá!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ara tù ú. Motún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ká má rí i! Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ jàm̀bá ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ sí ikú ọ̀dọ́. Òun ni ọkùnrin tó jẹ iṣu rẹ̀ lójoojúmọ́ gbé lé e lórí, lójú ọjà, tó tún fi ìbúra dè é!

"Kó ẹ́ńjìnnì mi pọ̀," ó wí. "Màá rán ẹni tó máa gbé e." Ó yí padà, kò jẹ́ kí wọ́n rí omi ojú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà padà sí Èsìẹ́, kò sì kọ iṣẹ́ rárá. Àní dídùn tó ń dún geere yẹn gan-an ló ń bí Motún nínú.

Nígbà tó ṣe, ní ọ̀sán Súńdè kan, Yàhàyá wọlé Bàbá nínú jálàbíà funfun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Motún dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì. Irin lásán, mo máa ń gbé e kọ́, màá kàn án wò, kí n tó sọ pé ó yè. Ọkàn ara mi, mi ò kàn án wò kí n tó búra. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Irọ́ ni mo pa. Motún ni mo fẹ́."

"Ọmọ mi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì!" Bàbá bú jáde.

"Caroline ni wọ́n ń pe ìyá ìyá mi, sà. Ilé rẹ̀ la ti ń jẹ Kérésì, ilé wa ló ti ń jẹ Iléyá. Kò sẹ́ni tó fipá mú ẹnì kankan, èmi náà ò ní fipá mú un."

Motún fa kọ́tìnnì ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ta ló ní èmi fẹ́? 'Ká má rí i' ńkọ́? Ṣé jàm̀bá ọkọ̀ ni mí?"

"Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, Motún."

"Bí o bá kó o jẹ, sọ òmíràn, kí n gbọ́ bó ṣe máa dún." Ó di ojú méjèèjì, ó dẹ etí, bí Yàhàyá ti ṣe lábẹ́ igi lọ́jọ́ kìíní.

Yàhàyá gbé ohùn sókè. "Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí i! Kó jẹ́ ká jọ gbé, ká jọ dàgbà, kí ojú má tì wá!"

"Àmín!" ni Bàbá wí.

Ẹnu alàgbà ni, ó ti mọ́ ọn lára, àdúrà kì í kọjá létí rẹ̀ kó má ṣe àmín. Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n àmín ti jáde, ta ni yóò gbé e mì padà?

Motún la ojú. Inú ṣì ń bí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń borí rẹ̀. "Ó yè, Bàbá," ó wí. "Kò sán níbì kankan."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó ṣì dọ̀bálẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Dìde, má fi ilẹ̀ mi ba aṣọ jẹ́," ó kùn. "Kí àwọn èèyàn rẹ gbé iṣu wá o. Ríǹgì ló máa kẹ́yìn!"