Ẹ́ńjìnnì Tí Tuva Kò Fẹ́ Pa

Ìdin ni Màmá Gunhild kó sí abẹ́ ètè rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé náà, kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Ọjọ́ ìdíje ẹja pípa ni, lórí adágún Granträsk tí omi rẹ̀ ti di yìnyín gbagidi, tí àwọn apẹja ń lu ihò sí. Otútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìdin inú agolo yóò ti gan kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ẹja kì í sì í wo ìdin tó ti gan lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àgbà apẹja ìlú náà ló mọ̀ pé kò sí ibi tó móoru bí abẹ́ ètè. Ohun kan ṣoṣo tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó kó ìdin sẹ́nu kò lè sọ̀rọ̀.

Èyí dùn mọ́ Tuva, ọmọ ọmọ rẹ̀, nínú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun ló sì ń wa Màmá lọ sí ìdíje nínú mọ́tò ara rẹ̀. Ògbólógbòó mọ́tò pupa ni, tí wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì dè lẹ́sẹ̀ kí ó má baà lè sáré, irú èyí tí òfin gba àwọn ọmọ ilé-ìwé láyè láti wà. Bí kì í bá ṣe ti ìdin, gbogbo ọ̀nà ni Màmá ì bá fi máa wí pé, "Rọra, ọmọ mi," fún mọ́tò tí ajá tó bá gbọ́n lè sá kọjá.

Mọ́tò náà ní àìsàn kan. Bátìrì rẹ̀ ti darúgbó, bí wọ́n bá pa á, ó lè jí, ó sì lè má jí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ló kọ̀ sí. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ ló tì í, ẹni tí kò tì í sì ń fi fóònù ya fídíò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìlú ti rí Tuva níbi tó ti ń bẹ mọ́tò bí ẹni ń bẹ àna. Ó búra pé òun kò tún ní pa ẹ́ńjìnnì níwájú ènìyàn mọ́.

Àṣé ilé epo ni ìbúra náà yóò ti kó bá a. Epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n yà wọlé, èrò ti kún ibẹ̀, àwọn tó gun alùpùpù orí yìnyín tò, gbogbo wọn ń lọ sí adágún. Isak, ọ̀rẹ́ Tuva, dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń jẹ sọ́séèjì.

Tuva sọ̀kalẹ̀, kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Màmá kan gíláàsì, ó nàka sí àmì ńlá tó wà lára ẹ̀rọ epo: *Ẹ pa ẹ́ńjìnnì.*

"Mm-mm," ni Màmá wí.

"Mo ti rí i, Màmá."

"Mmm!"

"Màmá, bí mo bá pa á, kò ní jí mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kí ẹ má sí níbẹ̀ ni?"

Màmá rò ó bóyá kí òun tu ìdin dànù kí òun sọ tẹnu òun. Ṣùgbọ́n ìdin tó dára ṣọ̀wọ́n lásìkò yẹn. Ó pa ètè dé, ó gbé ọwọ́ lé itan.

Isak ti dé. "Ta ló ń pa mọ́tò? Ẹ̀gbọ́n mi kì í pa tiẹ̀ láyé. Torí àwọn àlejò ni wọ́n ṣe gbé àmì yẹn síbẹ̀." Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́. "Ó fẹ́ kú o. Jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀, kí n máa bá ẹ fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́tò díẹ̀díẹ̀, kó má baà kú."

Ọkàn Tuva sọ fún un pé èyí kò dára. Ṣùgbọ́n ó rí àwọn tó tò lẹ́yìn, ó rántí fídíò, ó sì ki ẹnu rọ́bà epo bọ mọ́tò.

Isak jókòó, ó ń tẹ iná. Lẹ́yìn ìyẹn ló na ọwọ́ sí rédíò. Apá ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó wú bí ìrọ̀rí gbá jíà, mọ́tò sì fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n ta lẹ́gba. Rọ́bà nà, nà, kò tún ní ibi tó lè nà dé mọ́. Ẹnu rẹ̀ yọ kúrò nínú mọ́tò, ó ń fò káàkiri bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì tú epo sí Tuva láti ìbàdí dé bàtà.

Nínú mọ́tò, Màmá la ẹnu kígbe. Gbogbo ìdin bọ́ sójú Isak. Ọmọ náà kò ríran mọ́, dípò bíréèkì ó tún tẹ iná. Mọ́tò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó lọ ki orí bọ òkìtì yìnyín, ẹ́ńjìnnì sì ń ké síbẹ̀. Màmá ló na ọwọ́, tó yí kọ́kọ́rọ́, tó pa á.

Àǹtí Berit tó ni ilé epo ti tẹ bọ́tìnnì pupa, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Àfi Berit. Ó ti rí Bàbá Evert, àgbà apẹja kan láàárín èrò, tó ń rìn bọ̀ wá ran Tuva lọ́wọ́ pẹ̀lú páìpù tábà tó ń jó lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Evert, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ kan mọ́."

Bàbá Evert dúró. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo epo tó ń ṣàn bọ̀ lórí yìnyín, ó sì rọra yí padà. Ẹ̀rín dá lẹ́nu gbogbo wọn. Tuva wo ṣòkòtò rẹ̀ tó ń rùn, ó sì yé e pé iná páìpù yẹn ì bá ti ràn mọ́ òun. Ó fẹ̀yìn rìn kúrò nínú epo náà.

Berit kò jẹ́ kí Tuva wọ inú ṣọ́ọ̀bù níbi tí iná ìyáná ti ń jó. Ẹ̀yìn ilé ló ti bọ́ aṣọ rẹ̀, tí Berit sì da omi sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀wù iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ya sọ́séèjì sí lẹ́yìn ni wọ́n fún un wọ̀. Àwọn panápaná ìlú náà ti lọ díje lórí adágún, wọ́n ní láti fi ìwọ̀ wọn sílẹ̀ wá da iyanrìn sórí epo. Kò sí ẹni tó tún rí epo rà lọ́jọ́ náà.

"Lọ dúró lójú ọ̀nà," ni Berit wí, "kí o máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀."

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé bi í pé kí ló dé. "Ẹ̀rọ ló bàjẹ́, sà," ni Tuva dáhùn.

Berit yọrí lójú fèrèsé. "Sọ gbogbo ẹ̀."

Tuva sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ fún àlùfáà, ó sọ ọ́ fún tíṣà ìṣirò, Isak dúró tì í, ojú rẹ̀ pọ́n, òun ló ń ṣàlàyé apá ti ìdin.

Nígbà tí Bàbá Evert fi alùpùpù rẹ̀ gbé Tuva àti Màmá dé adágún, wọ́n ti ń wọn ẹja àwọn tó borí. Síbẹ̀ Màmá lu ihò tirẹ̀, ó jókòó tì í.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún fi mí rẹ́rìn-ín ni."

"Wọn ò ha ti fi ẹ́ rẹ́rìn-ín báyìí?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, Màmá."

"Èwo ló bù kúrò lára ẹ?"

Tuva wo ara rẹ̀ nínú ẹ̀wù ọlọ́sọ́séèjì. "Kò sí."

"Èmi náà, ìdin ni mo ń tọ́jú nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀." Màmá fa okùn ìwọ̀ rẹ̀ díẹ̀. "O ń sá fún òjò, o bọ́ sínú odò. Ká ní o pa mọ́tò yẹn tí ò jí mọ́, wọn ì bá tì í fún wa, wọn ì bá sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, à bá sì ti débí tipẹ́. Ẹ̀rín kì í jóni, Tuva. Iná ni í jóni."

Tuva jókòó ti Màmá lẹ́bàá ihò náà. Ó mọ̀ báyìí pé àmì ara ẹ̀rọ epo kò mọ àlejò, kò sì mọ onílé. Gbogbo ẹni tó ní ara tí iná lè jó ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ìtìjú mọ́tò tó kọ̀ kò sì tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ fi ẹ̀mí wewu.